Ẹ Bi Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ta ló ń sọ pé kí wọ́n ti aláìsàn ọpọlọ mọ́ ọsibítù?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù tó kọjá tí mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ àárùn ọpọlọ díẹ̀ báyìí, mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn, fóònù mi ò sinmi mọ́, àwọn kan ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, obìnrin kan tiẹ̀ wá ká mi mọ́lé níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Mẹ́rin ni mo mú, torí tí ẹ bá wò ó dáadáa ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ti lágbájá ti le débi tí wọ́n á fi tì í mọ́ ọsibítù, kí ló sì fi ń mọ̀. Fún ẹni tí ò mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì wá sílé l'Ógbómọ̀ṣọ́, mo ṣe é níbí, mo sì ṣe é lọ́hùn-ún ní Ìlú Ọba, nínú wọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé kí n tó dé ìdí tábìlì mi láàárọ̀ mo ti kọjá ilẹ̀kùn mẹ́rin.

*"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ ma. Ọmọ àbúrò mi kan wà ní Ìlú Ọba. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóhùn, ó ní ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé ń fi nǹkan sóunjẹ òun, ló bá gún un lọ́bẹ. Ọpẹ́ ni pé ẹni yẹn ò kú. Kọ́ọ̀tù ní kò ní lọ sẹ́wọ̀n, ọsibítù ló ń lọ, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ṣùgbọ́n ọsibítù ọ̀ún ní géètì lóríṣiríṣi, wọn ò sì dá ọjọ́ tó máa jáde fún un. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa, wọ́n kọ medium secure sí i, a ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ẹnì kan ládùúgbò ní Broadmoor nìyẹn, pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kìí jáde. Ìyá ẹ̀ ò jẹun mọ́. Ṣé dókítà ló pinnu ni àbí jọ́ọ̀jì? Kí ló wá fi yàtọ̀ sẹ́wọ̀n? Ṣé owó la ò san ni?" — Ìyá ẹlẹ́kọ, Ìsàlẹ̀ Afọ̀n*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí àbúrò yín. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, ẹni tó bá ti wà nínú ẹ̀ rí ló mọ̀ pé òwe yẹn kìí ṣe àwàdà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ti Broadmoor sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí òun ló ń da ọkàn yín rú. Mẹ́ta péré ni ọsibítù ọpọlọ tí ààbò wọn le jù ní gbogbo England, Broadmoor ní Berkshire tí wọ́n ṣí lọ́dún 1863, Rampton ní Nottinghamshire tí wọ́n ṣí lọ́dún 1912, àti Ashworth lẹ́bàá Liverpool. Scotland ní tiẹ̀ ní Carstairs. Ibẹ̀ wà fún ẹni tí wọ́n gbà pé tó bá bọ́ sígboro lónìí ẹ̀mí lè lọ lónìí, tí kò sì sí ọgbà míì tó lè ká a. Abẹ́ wọn ni medium wà, ìyẹn ààbò àárín, abẹ́ medium ni low wà, ààbò tó kéré jù. Medium ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà yín, torí náà ọmọ yín ò sí ní Broadmoor. Ẹ sì bá mi sọ fún ará àdúgbò yẹn pé wọ́n ń jáde ní Broadmoor dáadáa, medium yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ̀ kalẹ̀ sí kí wọ́n tó máa palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé.

Ó wá ku ta ló pinnu. Jọ́ọ̀jì nìkan ò lè ṣe é, dókítà nìkan náà ò lè ṣe é. Òfin tí wọ́n ń lò ní England, Mental Health Act ti ọdún 1983, sọ pé jọ́ọ̀jì gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu dókítà méjì, ọ̀kan nínú wọn ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìjọba ti fọwọ́ sí pé ó mọ̀ nípa ọpọlọ dénú. Àwọn méjèèjì á sọ pé àìsàn wà lóòótọ́, pé ó jẹ́ irú èyí tó yẹ kó gbé e dọ́sibítù, pé ìtọ́jú tó lè ṣe é lóore sì wà. Ọsibítù náà á wá sọ pé a ní bẹ́ẹ̀dì, a máa gbà á wọlé láàárín ọjọ́ 28. Tí ọsibítù bá ní àwọn ò gbà á, jọ́ọ̀jì ò ní ibi tó máa kó o sí, ẹ̀wọ̀n ló kù. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, wọ́n rò pé tí kọ́ọ̀tù bá ti lu òòlù ó parí.

Báwo ni ọsibítù ṣe ń mọ̀ pé àwọn máa gbà á àbí àwọn ò ní gbà á? Wọ́n á rán èèyàn lọ wò ó níbi tó wà, dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, nígbà míì sákọ́lọ́jíìsì kan. Èmi gan-an ti lọ irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, láàárọ̀ kùtù nínú òtútù, ká lọ rí èèyàn nínú sẹ́ẹ̀lì. Dókítà á jókòó tì í, á máa bi í léèrè. Èmi nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń wẹ̀? Ṣé ó ń sùn lóru? Ta ló ń bẹ̀rù nínú yín? Ìgbà wo ló jà kẹ́yìn, kí ló fa ìjà ọ̀ún, ṣé ó dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n ní kó dáwọ́ dúró àbí ó di dandan kí èèyàn mẹ́fà gbé e? Ṣé ó ń gba oògùn, àbí ó ń fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n? Mo dẹ̀ máa ń bi òun náà ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú fọ́ọ̀mù, mo máa ń ní, "Ẹni tẹ́ ẹ ní ó ń ṣe yín ní ibi yẹn, tí ẹ bá rí i lọ́nà lónìí, kí lẹ máa ṣe?" Ẹ ò lè mọ iye nǹkan tí mo ti gbọ́ látinú ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹnì kan á ní "mo máa sá fún un ni." Ẹlòmíì á kàn wò yín, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tá a bá padà, gbogbo wa á jókòó, ripọ́ọ̀tù á wà nílẹ̀, a ó máa jiyàn. Pé orí ẹ̀ ti dàrú, gbogbo wa ti gbà, ìyẹn ò gba iyàn. Iyàn ibẹ̀ ni pé ààbò mélòó ló tó o, torí tí èyí tó kéré bá ti tó, a ò gbọ́dọ̀ lo èyí tó jù ú lọ. Ewúrẹ́ tí okùn lè dá dúró, kí lẹ fẹ́ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe? Ẹni tí low bá ká, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e sí medium, ẹni tí medium bá ká kò níṣẹ́ ní Broadmoor. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, àlàyé gbọ́dọ̀ wà pé ibo ló yẹ kó lọ.

Ẹ má wá rò pé géètì nìkan ni ààbò o. Géètì àti ògiri jẹ́ ọ̀kan. Ìkejì ni ìlànà, kíkà àti wíwò. Lọ́jọ́ kan fọ́ọ̀kì kan sọnù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nínú wọ́ọ̀dù wa, ẹ gbà mí gbọ́, ẹnikẹ́ni ò jáde, ẹnikẹ́ni ò wọlé, èmi tí mo yẹ kí n ti parí iṣẹ́ ní aago mẹ́ta, aago mẹ́fà ni mo kúrò, inú àpò ìdọ̀tí ni fọ́ọ̀kì ọ̀ún wà pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀kẹta ló wá ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun ni kí nọ́ọ̀sì mọ aláìsàn ẹ̀. Kó mọ̀ pé tí lágbájá bá ti dákẹ́ láàárọ̀, tí kò bèèrè fún tíì rẹ̀, nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kò sí kàmẹ́rà tó lè rí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó máa jáde. Ẹ̀wọ̀n, ìjìyà ni, ó ní òǹkà. Ọsibítù, ìtọ́jú ni, ẹnikẹ́ni ò dẹ̀ lè sọ lónìí pé ọjọ́ báyìí ni ibà máa lọ. Ọ̀rọ̀ yín jọ bí èyí tí kọ́ọ̀tù ńlá ti fi ìhámọ́ lé ìwé ẹ̀ lórí, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá rò pé ará ìlú lè fara pa gidi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ ò lè dá a sílẹ̀ fúnra ẹ̀ mọ́, àfi mínísítà ìdájọ́ wọn tàbí ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tribunal. Èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó níbẹ̀, adájọ́ kan, dókítà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, àti ẹnì kan tí kìí ṣe lọ́yà tí kìí ṣe dókítà. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ kò lè pè wọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn ó lè pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí ọdún tó pé, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dọọdún. Lọ́yà tó máa ṣojú ẹ̀ níwájú wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ó ti lé lọ́dún méjì lẹ wí, ẹ bi í bóyá ó ti pè wọ́n rí. Tí kò bá tíì pè wọ́n, ẹ ní kó bi nọ́ọ̀sì ẹ̀ lọ́la òde yìí.

Owó ńkọ́? Kọ́bọ̀ ẹ ò ní san, ìjọba ló ń san án. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ kí òun lè bá yín yọ ọ́, gbájúẹ̀ ni, ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

*"Ẹ káàsán ma. Mò ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní LAUTECH, Under G ni mò ń gbé. Lẹ́kíṣọ̀ wa kan ní ìwé onímáàkì wà tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ bóyá aláìsàn máa hùwà ipá, tí máàkì bá ti pọ̀ wọ́n á tì í. Ṣé bíi JAMB ni? Cut-off ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ma, mo fẹ́ mọ̀ torí ó wù mí kí n ṣe psychiatric."*

Ọmọ mi, o káre, iṣẹ́ rere ni, àwọn tó ń ṣe é ò pọ̀. Òótọ́ ni pé ìwé wà. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni HCR-20, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é, ti àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1995, èyí tí wọ́n ń lò báyìí, ẹ̀kẹta, jáde lọ́dún 2013. Ogún nǹkan ló wà nínú ẹ̀, mẹ́wàá lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, bíi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwà ipá, oògùn olóró, iṣẹ́ tí kò dúró níbì kan, márùn-ún lórí bó ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́, márùn-ún lórí ibi tó ń lọ, pé ta ló máa bá a gbé, ṣé ó máa lo oògùn.

Èyí tó wá kan ìbéèrè rẹ gan-an, àwọn ará Ireland ló ṣe é, ní ọsibítù wọn tí wọ́n ti ṣí ní Dundrum, nílùú Dublin, láti ọdún 1850, kó tó kó lọ sí Portrane lọ́dún 2022. DUNDRUM náà ni wọ́n sọ ìwé ọ̀ún. Apá àkọ́kọ́ ẹ̀ wà fún kí wọ́n fi mọ ìwọ̀n ààbò tí èèyàn nílò, ohun mọ́kànlá ni wọ́n ń wò, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo títí dé mẹ́rin. Ìwà ipá tó hù, báwo ló ṣe le tó? Ewu ọ̀ún, ṣé òní ni àbí ọjọ́ iwájú? Ṣé ó lè pa ara ẹ̀? Ṣé ó máa fo ọgbà? Ṣé ẹnì kan wà níta tó yẹ ká dènà kó má bàa kó nǹkan wá fún un? Ẹni tó ṣe lọ́ṣẹ́, ṣé ìtòsí ló ń gbé? Bó ṣe ń ṣe nínú wọ́ọ̀dù tó ti wà rí ńkọ́? Apá kejì ìwé yẹn wà fún mímọ ta ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, torí bẹ́ẹ̀dì ò tó nǹkan, àwọn tó ń dúró máa ń tò sẹ́yìn ara wọn.

Ṣùgbọ́n cut-off kẹ̀? Rárá o. Àwọn tó ṣe HCR-20 gan-an kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣírò ẹ̀ bí owó àjọ. Tí wọ́n bá ní kó o fi JAMB wé e mo máa ní kó o ronú nípa àgbẹ̀ tó ń wojú ọ̀run. Àgbẹ̀ ń wo ìkùukùu, ó ń wo afẹ́fẹ́, ó ń wo bí èèrà ṣe ń rìn, ó sì ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn náà ló máa sọ pé òjò ń bọ̀. Ìwé yìí ò ní jẹ́ kí àgbẹ̀ gbàgbé láti wo èèrà, ìyẹn niṣẹ́ ẹ̀. Òun kọ́ ló ń sọ pé òjò ń bọ̀. Ojú ọ̀run sì máa ń ṣú tí òjò ò ní rọ̀, torí ìwà ipá tó le gan-an kò wọ́pọ̀, nínú ọ̀pọ̀ èèyàn tí a bá fura sí, àwọn tí kò ní ṣe nǹkan kan rárá ló máa ń pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa tún un wò, kí ohun tí wọ́n kọ lóṣù January má bàa di orúkọ tí wọ́n fi ń pè é títí láé.

Kí o má bàa rò pé mo mọ̀ ọ́n tán, jẹ́ n sọ èyí tó dójú tì mí. A ní ọkùnrin méjì nínú wọ́ọ̀dù kan lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí ó wà kò kàn ẹ́. Ọ̀kan ga, ohùn ẹ̀ ń dún bí ìlù, tó bá ti jí á ti máa bú gbogbo wa àti ìran wa, gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń sá fún un. Èkejì, ọmọlúàbí, "ẹ káàárọ̀", "ẹ ṣeun", kò ṣe wàhálà kankan. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí ewu, ká gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mi ò kọ ni pé ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ìgbà wo ni obìnrin tó ń pín oúnjẹ máa wọṣẹ́. Mo rò pé ebi ló ń pa á! Àfi ìgbà tí ẹni tó ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì rí àfọ́kù abọ́ nínú pílò ẹ̀. Ó ti dá a lójú láti oṣù mélòó kan pé àjẹ́ tó pa ìyá òun ló gbé àwọ̀ obìnrin yẹn wọ̀. Aláriwo tí mò ń bẹ̀rù kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni títí mo fi kúrò níbẹ̀. Àtìgbà yẹn, ariwo kìí fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù mọ́, ta ló dárúkọ ni mo máa ń bèèrè, kí ló sì gbà gbọ́ nípa onítọ̀hún.

*"Ìyá wa, ẹ dákun. Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọdún 26, ìgbó ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó kan kólórádò, ó ti ń dá sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ó sọ òkò lu màmá wa lórí. A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lábúlé, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ igi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń dá egbò. Mo fẹ́ kí ìjọba gbé e lọ sí ọsibítù tí ògiri ẹ̀ ga, tí kò ti ní jáde mọ́. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá?"*

Àbúrò mi, mo gbọ́ ìbínú nínú ọ̀rọ̀ ẹ, mo sì gbọ́ ẹkún nídìí ẹ̀. Kọ́kọ́ lọ tú ẹsẹ̀ ọmọ yẹn sílẹ̀ lónìí kí egbò má bàa mú un lọ kí wèrè tó lọ. Ẹ lọ bíi mẹ́ta mẹ́rin, àwọn tí kò bẹ̀rù, kí ẹnì kan tó fẹ́ràn wà láàárín yín. Wọ́n ní wèrè la fi ń wo wèrè, irọ́ gbáà ni, mi ò rí ẹni tí ìyà wò sàn rí.

A ò ní irú Broadmoor ní Nàìjíríà. Àwọn ọsibítù ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ la ní, bí Arò l'Ábẹ́òkúta àti Yábàá l'Ékòó, pẹ̀lú wọ́ọ̀dù ọpọlọ ní àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH n'Íbàdàn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ sófin tí orí ẹ̀ ò pé, abala 28 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa ní kò jẹ̀bi tó bá jẹ́ pé àìsàn ọpọlọ ni kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹjọ́ òyìnbó kan ló wà nídìí irú òfin yìí, Daniel M'Naghten tó lọ yìnbọn pa akọ̀wé olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1843, ó rò pé olórí ìjọba gan-an lòun pa, wọn ò so ó kọ́, wọ́n tì í mọ́ ọsibítù, Broadmoor ló sì kú sí. Ṣùgbọ́n ní tiwa, kí kọ́ọ̀tù tó dé orí ìyẹn, ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń jókòó nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n láàárín àwọn olè, ọdún á máa gorí ọdún. Torí náà tó o bá lọ sọ ọ́ di ẹjọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ibi tó o rò pé wọ́n á gbé e lọ kọ́ ni wọ́n máa gbé e lọ. Lo ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn fún kí wọ́n bá yín gbé e dé ọsibítù láìsí ìjàǹbá, kó parí síbẹ̀.

Jẹ́ n wá bi ẹ́ ní ohun tí dókítà máa bi ẹ́. Yàtọ̀ sí màmá yín, ta ló tún fọwọ́ kàn? Òkò yẹn, ṣé ó ní nǹkan kan lọ́kàn sí màmá ni, àbí ó kàn ń sọ ọ́ kiri? Ṣé ó ti gbé àdá rí? Tó bá ti mu kólórádò ló máa ń ṣe é àbí kò mu ún náà ó ń ṣe é? Ṣé wọ́n ti fún un lóògùn òyìnbó rí, kí ló ṣe fún un? Ibo ni ìdáhùn ẹ bá dé ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ilé ló yẹ kó ti máa gba abẹ́rẹ́ oṣooṣù, àbí kó sùn ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Látinú ohun tó o kọ, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ní ọsibítù ńlá tó bá sún mọ́ yín ni mo máa gbé e lọ, mi ò rí ibi tí ògiri gíga ti wọ̀ ọ́. Kó tó padà wálé ṣá, ẹ kó àdá àti ọmọ odó kúrò nílẹ̀, kí màmá má dá nìkan wà pẹ̀lú ẹ̀.

Òfin náà ti yí padà. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ti àwọn òyìnbó amúnisìn lọ́dún 1916 ni, òun náà ni wọ́n tún pè ní Lunacy Act lọ́dún 1958, ẹni tí dókítà tàbí májísíréètì bá ti ní "wèrè ni" wọ́n á fi ìwé tì í mọ́lé. January 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ pé aláìsàn ọpọlọ lẹ́tọ̀ọ́, pé ká gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ kó tó di pé a fi tipá gbé e.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi dá ara mi nínú dùn. Lantoro l'Ábẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí lọ́dún 1944. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ti Arò, ó ní kí àwọn aláìsàn lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan bá wọn wá, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, kí wọ́n padà lọ jẹ àmàlà lálẹ́. Kò sí ògiri. Gbogbo ayé wá wò ó. Èyí tí ẹ wá ń fi Arò bú ara yín lójú títì yìí, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lónìí.

*"Ma, ẹ̀gbọ́n mi ní London ní àwa dúdú ni wọ́n ń tì mọ́ ọsibítù ọpọlọ jù níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ọpọlọ wa ló burú ju tiwọn lọ ni?" — Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́*

Òótọ́ ni. Iye tí ìjọba ibẹ̀ fúnra wọn ń gbé jáde fi hàn pé tí a bá kó iye kan náà jọ nínú dúdú àti nínú funfun, àwọn dúdú tí wọ́n ń fi òfin yẹn tì mọ́lé ju ìlọ́po mẹ́ta tàwọn funfun lọ. Ọpọlọ wa ò burú ju tẹnikẹ́ni lọ. Àwọn èèyàn wa máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá ìtọ́jú, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ sórí òkè, nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ dókítà ọlọ́pàá ló ń fà á bọ̀. Ìṣẹ́ àti ilé tí kò dúró wà níbẹ̀. Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà wà níbẹ̀, èmi ò ní bo ìyẹn, ọkùnrin dúdú tó bá ga tó sì ń pariwo, ẹ̀rù ẹ̀ ti ba ẹlòmíì kó tó ya ẹnu.

Èyí tí ó sì máa ń dùn mí jù ni ti èdè. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé aláìsàn Yorùbá kan ń halẹ̀ pé òun máa pa gbogbo èèyàn, wọ́n ti fẹ́ gbé e kúrò ní low lọ sí medium. Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀ láago márùn-ún ìdájí, mo gbọ́ ọ: "Gbogbo ẹni tó ní n ò ní délé ayọ̀, ẹ kú! Ẹ kú! Ẹ kú!" Àdúrà ìdájí ló ń gbà. Ẹ̀yin náà gbọ́ irú ẹ̀ láàárọ̀ yìí látinú sọ́ọ̀sì ẹ̀yìnkùlé yín, mo mọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúró ní low.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé tó bá mọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀, kó bèèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá tí kìí ṣe ẹbí, torí ẹbí máa ń túmọ̀ ohun tó wù wọ́n. Mo ti rí ìyá tó ń bá ọmọ ẹ̀ túmọ̀, tó ní "àdúrà ló ń gbà o", èmi náà jókòó níbẹ̀, mo sì gbọ́ pé orúkọ aládùúgbò kan báyìí ló ń pè láàárín ikú mẹ́ta. Ìyẹn, ògbufọ̀ gidi á túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wà, orúkọ àti gbogbo ẹ̀.